Ẹni Tó Ń Dúró Lábẹ́ Afárá

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni Káfíńtà kọ́kọ́ rí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìtàgé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó fi ìṣó há ẹnu, ó ń wá pákó kan tó máa ń dún nígbàkígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ méjì tí kò wọ bàtà rìn kọjá lórí rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín pákó kan àti èkejì kò ju ìbú ìka lọ, ṣùgbọ́n iná ti tàn lókè, ó sì rí i kedere pé eruku ayùn ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú ìyẹ̀fun. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó fi ọmọ-ìka ọ̀kan họ ẹ̀yìn èkejì. Káfíńtà gbàgbé pé ìṣó wà lẹ́nu òun, díẹ̀ ló kù kó gbé ọ̀kan mì.

Ẹ má bi mí léèrè bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn àtẹ́lẹsẹ̀. Ìfẹ́ kì í bèèrè ọ̀nà iwájú kó tó wọlé. Àwọn kan, ojú ló kó wọn sí i. Àwọn kan, ohùn ni. Tirẹ̀ gba àlàfo pákó wá.

"Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?" Ohùn obìnrin ni. "Ṣé ènìyàn ni àbí eku?"

Ó tu ìṣó sọ́wọ́. "Ènìyàn ni, mà."

"Ènìyàn wo?"

"Káfíńtà ni, mà."

"Àṣé ìwọ ni wọ́n ní yóò máa gbà mí tí mo bá já bọ́."

"Tìmùtìmù ni yóò gbà yín, mà. Èmi ni mo máa tẹ́ tìmùtìmù."

Ẹsẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Bí ó ti rí sí i nìyẹn, nítorí gbogbo ọmọ-ìka rẹ̀ ló ká kò pa pọ̀, kí ẹ̀rín tó tẹ̀lé e látòkè.

Eré tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, ẹkún ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọbìnrin ilé ọlá kan ló fẹ́ràn atukọ̀ tó ń gbé èrò sọdá odò. Baba rẹ̀ fàáké kọ́rí, ó ní òun kò bí ọmọ fún ẹni tó ń rùn bí ẹja. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà gun orí afárá, ó bẹ́ sódò. Kí atukọ̀ tó tukọ̀ dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Odò náà, aṣọ aláwọ̀ sánmà ni. Afárá náà, Káfíńtà ló kàn án. Ihò kan wà lábẹ́ aṣọ yẹn tí ọmọbìnrin yóò gbà já sísàlẹ̀ ìtàgé, níbi tí Káfíńtà yóò ti tẹ́ tìmùtìmù oníkoríko gbígbẹ sílẹ̀ dè é.

Ọmọ Alága ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹni tó ni ẹsẹ̀ yẹn. Baba rẹ̀ ni alága ilé eré náà. Òun ló ni ilẹ̀, òun ló ni ilé, òun náà ló ni àwọn ilé ìtajà tó tò lọ rẹrẹ ládùúgbò. Wọ́n ní torí baba ni wọ́n ṣe fún un ní ipa tó ga jù lọ. Wọ́n wí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tó kọ́kọ́ la ẹnu níbi ìdánrawò. Látọjọ́ náà, kálukú gba ẹnu rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n fífò bà á lẹ́rù. Nígbà tí Ọ̀gá Eré, ọkùnrin kúkurú tó kọ eré náà tó sì ń darí rẹ̀, ní kó bẹ́, ó dúró sórí afárá, ó di ọwọ́ afárá mú gírígírí.

"Mi ò rí ìsàlẹ̀," ó wí. "Aṣọ ni mo ń rí."

"Aṣọ náà ni àwọn òǹwòran máa rí," Ọ̀gá Eré dá a lóhùn. "Bẹ́, jàre."

Kò bẹ́. Káfíńtà tó wà nísàlẹ̀ fọwọ́ kan òpó afárá, ó rí i pé òpó náà ń gbọ̀n. Ó mú òòlù rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ kan òpó náà lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?" ó pè é láti abẹ́ aṣọ.

"Mo gbọ́."

"Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, mo wà ńbẹ̀, tìmùtìmù náà wà ńbẹ̀. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ má fò. Bí ọba ló bá ní kí ẹ fò, ẹ má fò."

Ó fò. Aṣọ fẹ́ sókè, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá a wọlé, aṣọ padà bò, òkùnkùn sì kún abẹ́ ìtàgé. Ó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, ìdajì irun rẹ̀ bò ó lójú, apá rẹ̀ kan nà sórí orúnkún Káfíńtà.

"Ṣé mo ti kú?"

"Ẹ ti kú, mà."

Ó fa imú. "Mi ò mọ̀ pé òórùn pákó tuntun ni ikú ní."

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí Ọ̀gá Eré kò rò tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà jáde lábẹ́ ìtàgé, ẹ̀yìn àwọn onílù àti onífèrè gan-an ló ṣí sí, lójú gbogbo òǹwòran. A kì í rí òkú kó máa rìn lọ. Nítorí náà, tí ọmọbìnrin bá ti já bọ́, ó di dandan kó jókòó síbẹ̀ títí ẹkún atukọ̀ yóò fi parí. Òṣèré tó ń ṣe atukọ̀ sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Á sunkún sósì, á sunkún sọ́tùn-ún, á bi odò léèrè, á bi afárá léèrè, kó tó di pé ó wólẹ̀. Ọ̀gá Eré ní ẹkún náà ti gùn jù. Káfíńtà àti Ọmọ Alága kò rò bẹ́ẹ̀.

Inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n ti mọ ara wọn, lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó ń gba àlàfo pákó wọlé tó ń sùn lé wọn láṣọ.

"Ṣé o ti wo eré yìí rí?" ó bi í ní ìrọ̀lẹ́ kan.

"Rárá, mà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wà."

"Ìyẹn ni pé o ò tíì rí mi rí."

"Mo máa ń gbọ́ yín. Tí ẹ bá ń bínú sí baba inú eré, gìgísẹ̀ ni ẹ fi ń rìn. Tí atukọ̀ bá wọlé, ẹ máa ń fi ọmọ-ìka rìn. Tí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹ máa ń yà sọ́tùn-ún díẹ̀ kí ẹ tó rántí."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i nínú òkùnkùn. "Ará Ìsàlẹ̀," ó wí, "ìwọ yìí léwu."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Òun náà sọ ọ́ ní Ará Òkè, ọmọbìnrin náà sì yarí pé ta ni ará òkè, òun tí wọ́n bí sáàárín ìgboro, tí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Káfíńtà ní kó má bínú, ibi tó ti ń já bọ́ lòun wò tóun fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí onífèrè kan fi wo ẹ̀yìn.

"Ohun kan ló ń dùn mí," ó tún wí lọ́jọ́ mìíràn. "Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé eré yìí ló ń pè mí ní 'ẹ'. Mo wá kú tán, mo dé ọ̀run, ará ọ̀run náà tún ń pè mí ní 'ẹ'. Tí o bá tún dán an wò, màá padà sókè, màá sọ fún wọn pé mi ò kú mọ́."

Ní gbogbo ọjọ́ kejì, bí Káfíńtà ti ń fá pákó, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún pákó náà lábẹ́lẹ̀: o káàárọ̀, o kú iṣẹ́, ṣé o jẹun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí aṣọ fẹ́ tí ọmọbìnrin náà sì já bọ́, Káfíńtà la ẹnu, ó fi gbogbo àyà sọ ọ́. "Káàbọ̀. Ṣé o ò fara pa?"

Lókè, atukọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi odò léèrè.

"Mi ò fara pa," ó wí. Ó wá ọwọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó rí i, ó sì dì í mú títí ẹkún fi tán. Ọwọ́ Káfíńtà le, ó ní èépá, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà ló sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn lè sinmi lé e.

Ó kan àpótí ìjókòó kékeré fún un, kó má bàa máa jókòó sórí ilẹ̀ eruku. Ní ọ̀sán, wọ́n á jókòó sórí àwọn pákó tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á jọ jẹ búrẹ́dì, ọmọbìnrin náà á sọ ohun tí baba rẹ̀ fẹ́ fún un, Káfíńtà á sọ irú ilé tí òun fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ kan, tí fèrèsé rẹ̀ yóò pọ̀ ju ògiri lọ. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidi.

Ìyá Káfíńtà ló kọ́kọ́ fura. Alágbàfọ̀ ni, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, aṣọ aláṣọ ló fọ̀ fi tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó wo ọmọ náà bó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní àárọ̀ kan.

"Ẹni tó ń lọ dùbúlẹ̀ sínú eruku kì í lọ aṣọ," ó wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ ta ni?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ jókòó.

"Alága wo? Èyí tó ni ilé aláwọ̀ ewé lórí òkè yẹn?"

"Òun ni, Màmá."

"Áà. Aṣọ ibùsùn ilé yẹn ni mo fọ̀ títí èékánná mi fi rọ̀. Mo mọ ẹni tó ṣàìsàn níbẹ̀, mo mọ ẹni tí kò rí oorun sùn. Ọmọbìnrin yẹn gan-an, mo ti fọ ìtọ̀ rẹ̀ rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó tì wọ́n kí wọ́n máa pè mí ní àna? Tí mo bá na ọwọ́ sí wọn, ọṣẹ ni wọ́n máa rí."

"Màmá, ayé ti yí padà."

"Mi ò ní wọ́n burú o. Wọ́n máa ń kí mi kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé, mi ò sì bí ọ kí o máa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé àna. Mi ò gbà. Má tún bá mi sọ ọ́ mọ́."

Bí ìyá ti ń fà á sẹ́yìn nílé, bẹ́ẹ̀ ni baba ọmọbìnrin náà ń bọ̀ wá tì í síta níbi iṣẹ́. Ẹnìkan rí wọn lórí pákó lọ́sàn-án, ẹnu sì gbé e dé ọ́fíìsì. Alága ránṣẹ́ pè é. Yàrá náà ní rọ́ọ̀gì tó nípọn; Káfíńtà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó," Alága wí.

"Ẹ ṣé, sà. Eruku wà láṣọ mi."

Alága kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní ilé iṣẹ́ àga àti tábìlì, wọ́n ń wá káfíńtà tó mọṣẹ́, owó wọn dára ju ti ilé eré lọ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ kíákíá.

"Mi ò bá ọ jà," ó wí. "Afárá tí o kàn dára. Ṣùgbọ́n eré ni eré. Ọmọ mi ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí ìtàgé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lá máa rò pé òun ló ń sọ ọ́ fún. Tí eré yìí bá parí, ojú rẹ̀ á là. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ló máa jìyà rẹ̀."

Ì bá bú u, Káfíńtà ì bá mọ èsì tó máa fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí òun náà ń bẹ̀rù nígbà tó bá dá wà ni Alága fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ síta yìí. Ojú òkùnkùn ni ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ̀ bóyá á lè wò ó lójú ọ̀sán fún ọdún púpọ̀?

"Mo gbọ́, sà," ó wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi iṣẹ́ lé ọwọ́ ẹni tuntun tí Alága mú wá, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó níwà pẹ̀lẹ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń lu tìmùtìmù hàn án kí koríko rẹ̀ lè tẹ́jú, ó fi igun tó máa ń rì hàn án, ó sọ ìgbà tí yóò yí orí rẹ̀ kúrò kí gìgísẹ̀ má bàa bà á. Kò sọ ti kíkàn òpó. Kì í ṣe pé ó fi pa mọ́; kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Kíkàn yẹn kò sí lára iṣẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni, ta ló sì ń fi irú ìyẹn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?

Ó lọ láìdágbére fún Ọmọ Alága. Ìyẹn, ojo ni ó ṣe, mi ò ní gbèjà rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ tuntun, ó fi gbogbo ọjọ́ náà kan ẹsẹ̀ tábìlì, kò sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Bó ti jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé eré fúnra rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun kò sí nísàlẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí òun náà wo ohun tí àwọn ènìyàn ń wò. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà bí ẹní mowó. Ohun tí kò mọ̀ ni pé lórí ìtàgé ọmọbìnrin náà máa ń mi orí díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, tàbí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, tàbí pé iná tó ń bọ́ sí i lójú máa ń mú kó dà bíi pé láti inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń jáde. Káfíńtà jókòó bí ẹni tó ń lálàá. Ohun kan ṣoṣo ló ń jí i: ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fi gìgísẹ̀ rìn, kò fi ọmọ-ìka rìn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni, bí ẹni tó ti rẹ̀.

Ó gun orí afárá. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àwọn onílù àti onífèrè dé ibi tó ti yẹ kó bẹ́, ó sì dúró. Wọ́n tún ibẹ̀ lù. Ó dúró. Wọ́n tún un lù lẹ́ẹ̀kan sí i, orí Ọ̀gá Eré sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ títa, ojú rẹ̀ ranko.

"Ẹ̀rù ń bà á, ọmọ dáadáa," obìnrin kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káfíńtà, ó ń nu ojú. "Ẹ wò ó, ó mọ eré ṣe."

Káfíńtà wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà lórí afárá. Gbogbo ọmọ-ìka ló di pákó mú. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà wá bá a: tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ má fò.

Ó dìde. Ó ń gba orí orúnkún àwọn ènìyàn kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ó já ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó gba àárín àwọn aṣọ eré tí wọ́n fi kọ́, ó fi ikùn wọ́ wọ abẹ́ ìtàgé láti ẹ̀yìn àwọn onílù, kò sì bìkítà ẹni tó rí i. Ẹni tuntun jókòó ti tìmùtìmù tó tẹ́ dáadáa, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń wòkè bí ẹni tó ń retí kí èso já.

"Kí ló dé tí kò fò?" ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ni mo ṣe?"

Káfíńtà kò ní òòlù lọ́wọ́. Ó fi ìkúùkù kan òpó. Kó, kó.

Aṣọ fẹ́, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì já bọ́.

"O pẹ́," ó wí.

"Mo pẹ́. Má bínú."

"Wọ́n ní o ti gba iṣẹ́ míì. Tí o bá fẹ́ lọ, sọ ọ́ lójú mi. Má jẹ́ kí n gun orí afárá kí n tó mọ̀."

"Mi ò fẹ́ lọ. Bàbá rẹ sọ̀rọ̀, mo ṣe ojo. Mo ti rí ọ lórí ìtàgé lónìí, Ará Òkè. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sì ní lè kan ẹsẹ̀ tábìlì kankan mọ́ láyé yìí."

Ó gbé orí lé e léjìká, ó ń sunkún, atukọ̀ náà ń sunkún lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́," ẹni tuntun wí látinú kọ̀rọ̀, "ṣé kí n jáde fún yín?"

"Kò sí ọ̀nà," àwọn méjèèjì dá a lóhùn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe kọjú sí ògiri, tó sì jókòó gbọ́ gbogbo ẹkún atukọ̀ dé òpin.

Àwọn ènìyàn kò tíì tú tán nígbà tí Alága tẹ̀ ba wọ abẹ́ ìtàgé. Kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tó ti kọ́ ilé náà. Ó forí gbá igi.

"Ẹ rọra, sà," Káfíńtà wí, kò sì fi ọwọ́ ọmọbìnrin náà sílẹ̀.

Alága ń fọwọ́ pa orí. Ó wo tìmùtìmù, ó wo ihò tó wà lókè, ó wo ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí o fi dúró?"

"Mi ò gbọ́ kó kan òpó, Bàbá. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, mi ò gbọdọ̀ fò."

"Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà ńbẹ̀. Tìmùtìmù wà ńbẹ̀."

"Mi ò mọ̀. Òun nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Baba rẹ̀ wá ibi tí yóò jókòó, ó rí àpótí kékeré náà, ó jókòó lé e. Àpótí náà gbé e. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìjókòó iwájú ni mo wà. Mo rí ọmọ mi létí ibẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá eré ni àbí òótọ́. Èmi tí mo ni ilé, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo kàn bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹnìkan tó ń fo orúnkún ènìyàn kọjá." Ó kojú sí Káfíńtà. "Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ lọ́la. Mi ò tíì sọ pé mo gbà o. Ìyá rẹ ńkọ́, kí ló sọ sí i?"

"Màmá mi kò gbà, sà."

Alága dìde díẹ̀ lórí àpótí. "Kò gbà? Ọmọ tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni ọmọ mi ṣe fún un?"

Bí Alága ṣe di alágbàwí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó lọ sí ilé alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ dídùn, ó yin ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń polówó ọjà. Ìyá Káfíńtà fún un ní àga tó dára jù nílé, ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì sọ fún un pé òun kò gbà. Ó ní òun kò rí ọmọ náà láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, òun kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi í ṣe. Alága padà sílé, kò lè jẹun.

Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ní ìrọ̀lẹ́ tí eré fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, Káfíńtà kò dárúkọ ọmọbìnrin rárá. "Màmá, ẹ ò tíì rí afárá tí mo kàn," ó wí. "Lọ́la, wọ́n máa tú u."

Ìyá rẹ̀ rò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ́ kí wọ́n tú láìrí i. "Afárá ni mo fẹ́ wò o," ó wí. "Mi ò wá wo ẹnikẹ́ni." Ó wọ aṣọ dáadáa rẹ̀, ó jókòó sí àárín gbọ̀ngàn, ó sì yin afárá náà fún àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì.

Kò wo eré orí ìtàgé rí láyé rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé afárá. Nísàlẹ̀, Káfíńtà ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó mọ̀, gìgísẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ-ìka, lẹ́yìn náà àkàbà afárá. Ó ti pinnu ohun tó fẹ́ béèrè, kò sì mọ bó ṣe fẹ́ béèrè rẹ̀ nígbà tí ìyá òun ń bẹ lókè tí kò gbà. Kó, kó. Ó já bọ́ wẹ́rẹ́.

"Káàbọ̀," ó wí. "Ṣé o ò fara—"

Igbe kan ta lókè tí kì í ṣe ti atukọ̀. Ó bo fèrè mọ́lẹ̀, ó bo ìlù mọ́lẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ọmọ mi! Ẹ wá fa ìyàwó ọmọ mi yọ kó tó kú!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Atukọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gba ẹkún mọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, dákẹ́ pẹ̀lú.

Ọmọbìnrin náà di apá Káfíńtà mú. "Ta ló ń pè mí?"

"Màmá mi ni."

"Kí ni wọ́n pè mí?"

"O gbọ́ ohun tí wọ́n pè ọ́." Káfíńtà sún mọ́ ọn. "Ohun tí èmi náà fẹ́ bi ọ́ nìyẹn, wọ́n ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ṣé o máa jẹ́ ẹ fún mi?"

Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan wà lójú ọmọbìnrin náà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Mo ti jẹ́ ẹ," ó wí. "Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ́ ẹ. Dìde, lọ bá Màmá kí ẹ̀rù má pa wọ́n. Sọ fún wọn pé ìyàwó ọmọ wọn wà láàyè, ó sì ní kí o kí wọn."

Káfíńtà jáde ní ilẹ̀kùn kékeré, lójú gbogbo ayé, koríko gbígbẹ lórí, eruku láṣọ. Alága ti dìde ní ìjókòó iwájú. Ìyá rẹ̀ dúró sáàárín gbọ̀ngàn, ó ká ọwọ́ lérí, àwọn tó jókòó tì í ń bẹ̀ ẹ́ pé eré ni, eré ni.

"Ó kú?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Kò kú, Màmá. Ó wà láàyè. Ó ní kí n kí yín."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó nu ojú, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wo yíká, ó rí i pé gbogbo ènìyàn ń wo òun, àti Alága pẹ̀lú. Ó gbé orí sókè.

"Ó wà láàyè," ó wí, "ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń rán ni níṣẹ́? Lọ sọ fún un kó wá kí ìyá ọkọ rẹ̀."